Ọdún Mẹ́fà Lẹ́sẹ̀ Ìwé Mósè: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Ọládàpọ̀ Akínbámi (1936–1989)

Ìjẹ̀bú-Igbó ni a ti bí bàbá wa, Olóògbé Ọládàpọ̀ Akínbámi, ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1936. Titus Akínbámi, olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà, ni bàbá wọn. Caroline, ahunṣọ, ni ìyá wọn. Ọmọkùnrin méjì péré ni ìyá náà bí: bàbá wa àti Adégbénga.

Bàbá wa kàwé ní Ìbàdàn, wọ́n sì fẹ́ Bọ́lánlé, nọ́ọ̀sì, ní 1965. Ní 1974 wọ́n kó wá sí Calgary ní Canada, wọ́n ń ya àwòrán ọ̀nà tí páìpù epo yóò gbà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìyá wọn kú lọ́wọ́ Adégbénga tí ń tọ́jú rẹ̀. Níbi ìsìnkú, bàbá wa sọ lójú ẹbí pé àìbìkítà Adégbénga ló pa ìyá. Irọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní 1983, nígbà tí iṣẹ́ epo dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Sínágọ́gù kékeré kan ní àdúgbò Beltline ló gbà wọ́n láti máa tọ́jú ilé ìsìn náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àwọn Júù pín ìwé Mósè márààrún sí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń kà á tán lọ́dọọdún. Bàbá wa a jókòó lẹ́yìn ní gbogbo Sátidé. Tó bá di ọ̀sán Sunday, wọn a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà jọ sí basement, yàrá abẹ́ ilé wa, ní Martindale, wọn a ka apá yẹn kan náà, wọn a sì béèrè pé, "Kí ni èyí ní kí á ṣe lọ́sẹ̀ yìí?"

Ní December 1986, ó kan ibi tí Jákọ́bù ti tẹrí ba nígbà méje fún Ésáù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí òun ṣẹ̀. Bàbá wa pa Bíbélì dé. Wọ́n ní, "Ohun tí èmi fúnra mi kò ṣe ni mò ń kọ́ yín."

Kí January tó parí, wọ́n ti dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Lójú àdúgbò, ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò: "Gbénga, mo parọ́ mọ́ ọ. Dárí jì mí." Adégbénga gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn ni bàbá wa fi ń padà lọ kan ilẹ̀kùn náà. Ilẹ̀kùn kò ṣí.

Wọ́n padà sínú snow Calgary, wọ́n ń bá ìkọ́ni lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti kan orí yẹn, Súmbọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n ń ní kó kà á. A bi wọ́n bóyá wọ́n kábàámọ̀ ìrìn náà. Wọ́n ní, "Ìwé náà kò ṣèlérí pé Ésáù á sáré wá pàdé gbogbo ènìyàn. Títẹríba nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹni."

Àrùn kíndìnrín ló mú wọn lọ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù November 1989. Adégbénga dé Calgary lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Ó dúró ti pósí títí. Nígbà tó yá, ó ní kí á jọ̀wọ́ kọ orúkọ òun mọ́ ti àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀.

Wọ́n fi aya wọn sílẹ̀, Bọ́lánlé. Àwọn ọmọ, Súmbọ̀ àti Abíọ́dún. Ọmọọmọ kan, Yéjídé. Àti àbúrò wọn, Adégbénga.

Bàbá wa, ibi tí ọwọ́ yín kò tó, kí Ọlọ́run bá yín na tirẹ̀ débẹ̀. Ẹ sùn re.