Bàtà-Dán, Ọkùnrin Tó Fẹ́ Bá Ẹ̀gbọ́n Mi Pa Gbèsè Yunifásítì Rẹ́

                                        Ilé Alájà Méjì,
                                        Òkè Ilé Alágbàfọ̀,
                                        Òpópónà Kẹta.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Àgbà Ọ̀fófó,

Báwo ni ara? Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun màmá rẹ ti fi wọ́n sílẹ̀? Ṣé bàbá rẹ ṣì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta? Àbúrò rẹ kékeré tó gé mi jẹ nígbà tí mo wá kí yín ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti pé báyìí? Tó bá ti pé, kọ̀wé sọ fún mi kí n tó tún wá. Ní tiwa, a dúpẹ́. Bàbá mi ṣì wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù wọn, màmá mi le bí irin, ìyá àgbà sì ń jẹun jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni ojú rẹ̀ ṣì wú díẹ̀, ẹkún ló ń sun. Fara balẹ̀, mo fẹ́ ro ó fún ọ. Má sì kà á sókè létí ẹnikẹ́ni o. Mo ti wá rí i pé etí tó wà láyé yìí pọ̀ ju èèyàn lọ.

O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi yáwó kó tó lè parí yunifásítì. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé. Ọjọ́ tó gboyè, a yọ̀ bí ẹni pé òun ló ya àwòrán ayé fún Ọlọ́run. Kò pẹ́ tí gbèsè fi jí. Iléeṣẹ́ tó ń kan àpótí aṣọ ló ti ríṣẹ́, ó ń gbé tépù wọn ògiri káàkiri ilé onílé. Tí oṣù bá sì parí, àwọn ẹlẹ́yàáwó á ti bu tiwọn nínú owó oṣù rẹ̀ kí owó náà tó mọ ojú ẹni tó ni ín. Ó kórìíra iṣẹ́ yẹn bí ológbò ṣe kórìíra omi. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí gbèsè tán, kó fiṣẹ́ sílẹ̀, kó gba yàrá kan, kó máa ya ilé tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣọ́ owó ná. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọbìnrin yẹn lè fi ọṣẹ kan ṣoṣo wẹ̀ láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọkùnrin kan fi wá kanlẹ̀kùn. Ó ní òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ẹ̀yáwó ni òun. Ìdí rẹ̀ kò tíì kan àga tó fi sọ iye tí ẹ̀gbọ́n mi ṣì jẹ, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ẹnu ya màmá mi débi pé wọ́n gbé àga tó dára jù fún un, èyí tí èmi tí wọ́n bí mi sínú ilé kì í jókòó lé. Ó ní ètò ìdáríjì kan ti jáde. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá lè kó ìdá kan nínú mẹ́ta gbèsè náà lé òun lọ́wọ́, kó má gba báńkì, wọ́n á pa ìyókù rẹ́. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni o, kí àwọn onílara má baà dínà mọ́ ọn.

Àtọjọ́ yẹn ni ara ti ń fu mí. Wo bàtà rẹ̀ ná. O mọ ẹrẹ̀ òpópónà wa, ẹrẹ̀ tó lè gbé màlúù mì kó sì tún bi ìwo rẹ̀ jáde. Ọkùnrin yìí á gba inú ẹrẹ̀ yìí kan náà wọlé, bàtà rẹ̀ á sì máa dán débi pé ológbò wa rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó bá a jà. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ ní Bàtà-Dán. Báàgì awọ kan tún wà lábíyá rẹ̀ tí kì í ṣí, kì í sì í jẹ́ kí n bá òun gbé e. Èyí tó wá pa mí tán ni ti fóònù. Ó gbé e sétí lọ́jọ́ kan, ó ń bá ẹni tó pè ní Ọ̀gá Àgbà sọ̀rọ̀: "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọmọ dáadáa ni, sà. Ẹ ṣàánú rẹ̀, sà." Ẹnu ẹ̀ ló wà tí fóònù náà fi dún gbàgà sí i létí! Ó ta gìrì bí ẹni tí agbọ́n ta. Mo yíjú wo màmá mi.

Wọ́n ní, "Onísíìmù méjì ni."

Mo fa ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ọkùnrin yìí ò mọ́ o."

"Ta ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lójú tìẹ rí?" ló fi dá mi lóhùn. "Ṣebí ìwọ náà lo sọ pé ẹni tó ń mú lẹ́tà wá máa ń fi imú ka ohun tó wà nínú ẹ̀."

Òótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì tíì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀. Màmá mi ní kí n má fi ẹnu mi ba oríire ọmọ àwọn jẹ́. Mo bá panu mọ́. Pé mo panu mọ́ kò ní kí n dijú.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi lọ gba gbogbo owó tó ti tọ́jú jáde, ó dì í sínú àpòòwé, ó ń dúró de Bàtà-Dán. Èyí tó burú jù ni pé ó ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé òun ń lọ. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo fi ìka ṣírò ó. Tí owó yẹn bá lọ, kò ní sí owó, kò ní sí iṣẹ́, gbèsè á sì jókòó sí àyè rẹ̀ bí ọba.

Ọgbọ́n kan wá sọ sí mi nínú. O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń pe ìyá àgbà lórúkọ nínú ilé wa. "Ìyá àgbà" ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, àti alágbàfọ̀ ìsàlẹ̀ pàápàá. Inú káàdì ọsibítù wọn nìkan ni mo ti rí orúkọ wọn rí. Bàtà-Dán ti kí wọn títí lẹ́nu ọ̀sẹ̀ mélòó kan yìí, "Ìyá àgbà, ẹ kú ìjókòó," kò sì lè mọ ohun tí wọ́n ń jẹ́.

Bó ṣe dé, tó jókòó báyìí tó ń wo àpòòwé, mo fi ohùn ọmọ tí kò mọ nǹkan kan sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹnìkan ṣì wà nínú mọ̀lẹ́bí wa tó yá irú owó yìí. Ẹ bá wa wo tirẹ̀." Mo wá la ẹnu mi, mo pe orúkọ ìyá àgbà ketekete, mo fi ti bàbá tó bí wọn tì í.

Ojú tí màmá mi fi wò mí, tó bá jẹ́ ọ̀bẹ ni, ìkéde ìsìnkú mi ni ìwọ ì bá máa kà dípò lẹ́tà yìí. Ìyá àgbà alára wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n tún ń rán bọ́tìnnì wọn lọ.

Bàtà-Dán tẹ fóònù, tẹ fóònù, ó mi orí, ó mí kanlẹ̀. "Háà! Ti ọmọ yìí le o. Àárọ̀ yìí gan-an ni mo rí orúkọ ẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ló kà, ọdún márùn-ún, kò sì tíì san nǹkan kan. Wọ́n ti fẹ́ ní kí ọlọ́pàá máa wá a. Ẹ ní kó má sùn sílé lónìí."

Ìyá àgbà rọra yọ ìgò ojú wọn.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "ṣé mo yege?"

"Màmá, ẹ̀yin kọ́ là ń sọ. Ọmọbìnrin kan ni."

"Èmi ni ọmọbìnrin náà. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ́ ẹ. Ẹnu géètì ilé ìwé ni mo ti ń dúró de àwọn ọmọ mi, mi ò wọlé rí. Ìgbà wo ni mo ka ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

Òógùn bò ó. Ó ní á jẹ́ pé orúkọ ló jọra. Màmá mi tún ti fẹ́ gbà á gbọ́ o! Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti na ọwọ́ síwájú.

"Ẹ jẹ́ kí n rí tèmi nínú fóònù yẹn."

"Àṣírí iṣẹ́ ni, àbúrò."

"Gbèsè mi ni. Èwo ni àṣírí nínú gbèsè tí mo jẹ? Ẹ fi hàn mí."

Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa nínú ilé, kí òun jáde lọ wá a. Ọ̀rẹ́ mi, ó ṣì ń wá a títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ó sáré débi pé ó gbàgbé báàgì rẹ̀. Nígbà tí a ṣí i, ìwé ìròyìn àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú àkísà, búrọ́ọ̀ṣì àti agolo ìkunbàtà kan. Ìdí àtẹ̀gùn wa ló ti máa ń nu bàtà kó tó gòkè!

Màmá mi fọ́ mi létí nítorí orúkọ ìyá àgbà tí mo pè, wọ́n wá fà mí mọ́ra. Etí náà ṣì ń dún wóyò-wóyò. Ní ti ìyá àgbà, ẹnjiníà ni wọ́n látọjọ́ náà. Tí rédíò bá ti kọṣẹ́, wọ́n á ní ká má wulẹ̀ pe ẹnikẹ́ni, pé àwọn ti kà á fún ọdún márùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó gbá àpòòwé mọ́ àyà, ó ń sunkún. Mo ní, "Ṣebí owó yín rèé lọ́wọ́ yín." Ó ní, "Mo ti mọ ibi tí mo máa gbé tábìlì àwòrán mi sí nínú yàrá tí mo fẹ́ gbà." Mi ò rí àwàdà kankan fi sí i. Ìwọ náà mọ̀ pé ìyẹn kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà gbà á padà, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín dáadáa.

Ohun tó kù tó ń jẹ mí lọ́kàn ni bí olè yẹn ṣe mọ iye gbèsè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ayé, mo fura sí alágbàfọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fura sí ológbò. Níkẹyìn mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù onífọ́tòkọ́pì tí ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń tẹ ìwé gbèsè rẹ̀ jáde. Mo ṣàpèjúwe bàtà náà. Onífọ́tòkọ́pì ní, "Àá, oníbàtà yẹn! Orí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ló máa ń jókòó sí, ó ní òun ń ṣáájì fóònù. Kò tẹ ìwé kankan níbí rí." Ṣé o rí nǹkan? Kí ìwé tó tutù lẹ́nu ẹ̀rọ ni ojú rẹ̀ ti kà á tán.

Ní Ọjọ́rú, mo sin ẹ̀gbọ́n mi lọ sí iléeṣẹ́ ẹ̀yáwó gan-an. Obìnrin kan ló wà lójú fèrèsé, kò rẹ́rìn-ín, kò kí wa kó dénú, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù bí ẹni ń gbẹ̀san. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jí owó rẹ kì í wò ọ́ bí ẹni pé ìwọ lo wá jí tirẹ̀. Síbẹ̀ mo ní kó fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn mí, ẹ̀gbọ́n mi sì fi gìgísẹ̀ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Obìnrin náà ní kò sí ètò ìdáríjì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi san gbogbo owó inú àpòòwé, ó gba rìsíìtì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó kúrò níbẹ̀. Lójú ọ̀nà mo bi í bóyá ó dùn ún.

"Ó dùn mí," ó ní. "Ọdún méjì ló kù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa wá jókòó sílé wa sọ iye rẹ̀ fún mi mọ́."

Ọ̀rẹ́ mi, ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí rèé. Mẹ́ta nínú àwọn tó bá ẹ̀gbọ́n mi kàwé ti kówó fún irú ọkùnrin báyìí, wọn ò sì rí i mọ́. O sì kọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn pé inú ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ń dùn ṣìnkìn, pé gbèsè yunifásítì rẹ̀ máa tán kí oṣù yìí tó parí. Ta ló sọ fún un? Má ka ìkíni ìsàlẹ̀ yìí ná. Dìde, lọ bi í.

Bá mi kí màmá àti bàbá rẹ. Kí ọmọ eléyín náà, kó o sì dúró jìnnà tó o bá ń kí i.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ara ṣì ń fu,

Ojú Àwòdì.