Ọ̀gá Kì í Jẹ Ẹran Tí Mo Dín

Màmá mi àtàtà,

Ara mi le koko. Ìka mi tó wú díẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè kọ̀wé. Dókítà ní epo tí wọ́n ń fi dín nǹkan léraléra lè dá kún ara wíwú. Ó ní kí n máa jẹ ẹja. Mo sọ fún ọ̀gá ilé oúnjẹ wa. Ó rẹ́rìn-ín: "Òtútù ló mú kí ìka ẹ wú." Ara ń fu mí, torí epo wa ti dúdú bí èédú. Lánàá mo fi ẹran tí mo dín lọ̀ ọ́. Ó ní òun ti yó, bẹ́ẹ̀ kò tíì jẹun. Lónìí mo gbé oúnjẹ tèmi wá láti ilé. Ó tẹjú mọ́ mi: "Ta ló ń kọ́ ẹ?" Mo ní ẹ̀yin Màmá mi ni. Ẹ má bínú pé mo fi orúkọ yín bojú. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní mò ń gbádùn.

Ọmọ yín obìnrin