Ẹkùn Mọ́kànlá

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Karùn-ún, 1974

Mo parí kíkà náà lónìí. Ẹkùn mọ́kànlá. Mo tò wọ́n sórí ìwé gbọọrọ, mo fi rúlà fa ìlà sábẹ́ wọn, mo gbé e wọlé fún Gíláàsì. (Dókítà Adéyẹmí, ọ̀gá wa. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.) Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní, "Mísítà Ọwọ́ṣẹ́ni, ẹ ṣiṣẹ́." Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹgbẹ́ olùtọ́jú ẹran igbó yìí ní Adéníji Adélé, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ó dùn. Àmọ́ n kò lè jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dìde lọ mu omi tí òùngbẹ kò gbẹ mí.

Bí mo ṣe ń bọ̀ nílé, Ṣàkírù onígbàjámọ̀ dá mi dúró ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Rédíò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ìkànìyàn, àwọn oníbàárà rẹ̀ ń jà lé e lórí — ìpínlẹ̀ wo ló pọ̀ jù, ta ló bu iyọ̀ sí i. Ó ní, "Bàbá Fúnkẹ́, èèyàn tó ní orúkọ, tó ní ilé, wọn ò rí i kà dáadáa. Ẹ̀yin wá lọ ń ka ẹkùn. Ṣé ó dúró fún yín ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́gun, 14

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jẹ́, bóyá ara mi á balẹ̀.

Kíkà méjì ló wà. Èkíní, ti Adéníyì, ẹ̀ṣọ́ igbó wa. (Ẹlẹ́sẹ̀-Ẹrẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ tó máa ń gbé gun àtẹ̀gùn.) Oṣù mẹ́rin ló fi wà nínú igbó ìjọba lápá Ìjẹ̀bú, títí di ìparí Oṣù Kìíní, ó ń wọn ojú ẹsẹ̀ ẹkùn létí odò. Ó kọ ọ́: mẹ́ta. Èkejì ni tèmi. N kò kúrò l'Ékòó. Mo ṣe fọ́ọ̀mù lédè Yorùbá, mo fi ránṣẹ́ sí baálẹ̀ ogún tó yí igbó náà ká. Ṣé ẹ rí ẹkùn lọ́dún yìí? Níbo? Lọ́jọ́ wo? Kí ló ń ṣe? Mọ́kànlá.

Bí iye bá ju mẹ́wàá lọ, ìjọba yóò fún àwọn oníṣòwò awọ níwèé àṣẹ láti máa pa méjì lọ́dọọdún. Gíláàsì kò rí aburú nínú ìyẹn. Ó ti sọ fún àwọn kan nílùú òyìnbó pé igbó wa kún. Kò fẹ́ kí ojú ti òun.

Lónìí ó pe Adéníyì wọlé. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ. Adéníyì ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹni tó jókòó s'Ékòó, báwo ló ṣe rí ẹkùn ju ẹni tó sùn sínú igbó lọ?" Gíláàsì dá a lóhùn pé àwọn ará abúlé lójú. Ó ní ìdí ẹlẹ́mu ni Adéníyì ti lo oṣù mẹ́rin. Adéníyì gbọ́ ọ tán. Ó yíjú sí mi. Èmi yíjú sí bírò ọwọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 16

Èmi ni mo tẹ lẹ́tà tí wọ́n fi lé Adéníyì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Yóò ṣiṣẹ́ dópin oṣù. N kò ṣi lẹ́tà kan tẹ̀.

Àbámẹ́ta, 18

Lùkúmọ̀n dé. Àbúrò Ìyá Sùrájù onílé wa ni, ọdẹ, ará Ìdí-Arère. Abúlé rẹ̀ wà nínú ogún tí mo kọ̀wé sí. Ó tó ọdún kan ààbọ̀ tó ti wá gbẹ̀yìn. Ó gbé ẹran ìgbẹ́ yíyan wá fún ilé gbogbo, tiwa náà wà níbẹ̀. Títílayọ̀ ìyàwó mi kò lọ sí ìsọ̀ bọ́tìnì rẹ̀ ní Apọ́ngbọ̀n lónìí, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ìròyìn oko. Gbogbo wa jókòó sí àgbàlá.

Lùkúmọ̀n ní òun pa ẹkùn. Ìyá Sùrájù ní, "O ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́sí, erin lo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Bọ̀dá Akọ̀wé ń gbọ́, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀." Ó wá sọ ọ́. Ewúrẹ́ mẹ́ta ni ẹran náà kọ́kọ́ gbé. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dúró sẹ́yìnkùlé níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń wẹ ọmọ. Kò kù ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ. Ìyàwó kò pariwo, ó kàn ń bu omi sọ́mọ lára títí Lùkúmọ̀n fi gbé ìbọn jáde láti inú ilé. Ibi tó sọ èyí dé, Ìyá Sùrájù kò fi í ṣẹ̀sín mọ́.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mo ń tìtorí rẹ̀ kọ èyí. Ẹkùn tí ọdẹ bá pa, ti ọba ni. Wọ́n fi aṣọ funfun bo ojú rẹ̀, kí ojú kan má baà kan ojú rẹ̀ ṣáájú ti Kábíyèsí. Èèyàn mẹ́fà gbé e kọ́ igi. Wọ́n gba àárín Ìdí-Arère kọjá, wọ́n sùn sí Òkè-Àfọ̀n, ilẹ̀ mọ́, wọ́n gba Àgọ́-Ìjẹ́, wọ́n gba Odò-Ọsẹ̀, wọ́n wọ ìlú ọba ní ọjọ́ kẹta. Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ó kú. Ó di ìgbà tí ọba bá ṣí aṣọ lójú rẹ̀. "Tí wọ́n bá bi wá, a ó ní àlejò ọba ni, ó ń kọjá lọ. Baálẹ̀ á jáde wá kí i. Àwọn àgbà á ṣí fìlà."

Mo bi í lóṣù tó jẹ́. Oṣù Kejì, ó ní, nígbà tí ọjọ́ ọjà wọn bọ́ sí Ìṣẹ́gun.

Mo yọ ẹran tó wà lẹ́nu mi sọ́wọ́. Ó ní, "Bọ̀dá Akọ̀wé, ṣé ata ti pọ̀ jù ni?"

Àìkú, 19

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá bi mí ní ohun tí àlùfáà wàásù lé lórí, n kò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 20

Mo dé ọ́fíìsì kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo yọ fọ́ọ̀mù márùn-ún jáde, mo tò wọ́n sórí tábìlì.

Ìdí-Arère, 12 Oṣù Kejì: "Ó gba àárín ìlú wa kọjá lọ́sàn-án gangan." Òkè-Àfọ̀n, ọjọ́ kan náà: "Ó sùn sí ìlú wa." Àgọ́-Ìjẹ́, 13: "Gbogbo ìlú jáde wò ó." Odò-Ọsẹ̀, 13: "Ó kọjá ní pẹ̀lẹ́. Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni." Ìlú ọba, 14: "Ó dé ààfin."

Lóṣù tó kọjá tí mo ka ìwọ̀nyí, ohun tí mo sọ fún Gíláàsì ni pé ẹkùn ti pọ̀ débi pé ojú èèyàn kò bà wọ́n lẹ́rù mọ́. Ó ní kí n kọ gbólóhùn yẹn sínú ìròyìn. Ó wà níbẹ̀, ojú ìwé kẹta.

Ẹran kan. Òkú. Mo kà á ní márùn-ún.

Àwọn baálẹ̀ kò purọ́. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rí i. Wọ́n rí i. N kò bi wọ́n bóyá ó ń mí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọdẹ ni bàbá bàbá mi, mo gbọ́ nípa aṣọ funfun yẹn kí n tó mọ ABD. Ibo ni mo gbé e sọnù sí? Ilé ìwé ni, àbí Èkó? Tàbí mo mọ̀ ọ́n, mo kàn fẹ́ kó jẹ́ mọ́kànlá? N kò lè búra pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ku mẹ́fà. Mẹ́fà yẹn náà ńkọ́ — ta ló mọ̀?

Ìṣẹ́gun, 21

Mo sọ fún Gíláàsì. Kò bínú. Ó sàn kó bínú. Ó ní ìtàn ọdẹ ni. Ó ní ẹni tí ìjọba rán yóò wá sí ìpàdé wa ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, bí mo bá ní orúkọ ẹni tó pa á, kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Bí n kò bá ní, kí n jẹ́ kí iye dúró bó ṣe wà.

Mo ní orúkọ. Ẹran igbó ìjọba ni. Ẹ̀wọ̀n wà lórí ẹni tó bá pa ẹkùn ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Lùkúmọ̀n kò mọ̀, tàbí ó mọ̀ tí kò kà á sí, torí ọba gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún un ní fìlà.

Ọjọ́rú, 22

Lùkúmọ̀n padà sóko. Ó fún mi ní èékánná ẹkùn kan, fún Fúnkẹ́, ó ní. N kò tíì fún Fúnkẹ́.

Àbámẹ́ta, 25

Mo lọ bá Adéníyì nílé rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àyàfi orúkọ. Mo rò pé yóò lé mi jáde. Àga ló gbé fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oṣù wo ni wọ́n pa á?" Mo ní Oṣù Kejì. Ó mú ìwé pélébé kan jáde, ó ṣí i. Ó ní, "Oṣù Kìíní ni mo ka mẹ́ta tèmi. Ẹ yọ ọ̀kan."

Ìyàwó rẹ̀ ń di ẹrù nínú yàrá. Wọ́n ń padà sí Òndó, kò sí iṣẹ́ mìíràn l'Ékòó. Ó sìn mí dé ojú títì. Ó béèrè pé ẹran náà, ṣé abo ni? Mo ní n kò bi ẹni tó pa á. Ó ní abo wà nínú mẹ́ta yẹn, ọ̀kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Ajé, 27

Ìyá Sùrájù gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún wa láàárọ̀. Ọdún mẹ́rìnlá la ti jọ ń gbé. Òun ló pọn Fúnkẹ́ lọ́sàn-án lóru nígbà tí èéyi mú un, tí ìyá rẹ̀ wà nílé ìwòsàn. Mo mu ẹ̀kọ náà tán.

Ọjọ́rú, 29

Títílayọ̀ ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́. Ó ní ẹkùn kò ní bá wa sin ìyá òun tó bá kú, ẹbí Ìyá Sùrájù ni yóò wá. Lẹ́yìn wákàtí kan ó ní, "Ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ni Adéníyì bí?" Mo ní mẹ́rin. Ó pa iná.

Ọjọ́bọ̀, 30

Mo sọ fún Ìyá Sùrájù. Ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Mo ní lọ́la mo máa sọ̀rọ̀ kan níbi iṣẹ́, yóò kan Lùkúmọ̀n, ó lè burú. Mo ṣàlàyé, mo tún un ṣàlàyé. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Bàbá Fúnkẹ́, tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ṣe é. Ẹ má wá tọrọ àyè lọ́wọ́ mi, kí ẹ lè sùn."

Mo dúró níbẹ̀. Ó ní kí n sún, mo ń dí ìmọ́lẹ̀ òun.

Ẹtì, 31

Mo sọ ọ́.

Ìpàdé kún. Ọkùnrin ìjọba jókòó sápá ọ̀tún Gíláàsì, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kóòtù rẹ̀ tóbi jù ú. Mo dìde pẹ̀lú fọ́ọ̀mù márùn-ún. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka "Ó sùn sí ìlú wa." Gíláàsì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Láìsí orúkọ, àhesọ ni, Mísítà Ọwọ́ṣẹ́ni." Mo ní àwọn baálẹ̀ márààrún lè jẹ́rìí. Ó ní wọ́n ti jẹ́rìí, wọ́n ní ó kọjá. Mo rò pé n kò ní sọ ọ́. Mo ti jókòó tán. Mo rí Adéníyì lẹ́nu ọ̀nà, bàtà rẹ̀ mọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún — ó wá gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo tún dìde. Mo ní, "Lùkúmọ̀n. Ọdẹ. Ará Ìdí-Arère."

Ọkùnrin ìjọba kọ ọ́. Ó bi mí bóyá mo mọ ilé rẹ̀. Mo júwe rẹ̀ fún un bí Lùkúmọ̀n ṣe júwe rẹ̀ fún mi: ilé kejì lẹ́yìn ọjà, èyí tó ní ògiri pupa.

Wọ́n fagi lé mọ́kànlá. Kò sí ìwé àṣẹ fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n yóò fi tún un kà. Adéníyì ni yóò kà á. Wọ́n gba lẹ́tà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ le bí igi.

Ẹtì, 7 Oṣù Kẹfà

Ìyá Sùrájù ń kí mi, ó ń dáhùn. Bákan náà ló rí. Ẹ̀kọ kò wá mọ́.

Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹfà

Lùkúmọ̀n dé láàárọ̀ yìí. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó dé fìlà tí ọba fún un. Kò kọ́kọ́ lọ sí yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tiwa ló wá tààrà. Ó fa àpòòwé ìjọba kan yọ lápò, ó ní ọlọ́pàá kan ló gbé e wá fún òun, wọ́n ní akọ̀wé kóòtù abúlé lè kà á fún òun, òun kọ̀. "Mo ní mo ní akọ̀wé tèmi l'Ékòó. Bọ̀dá, ẹ bá mi wò ó. Bóyá wọ́n fẹ́ fún mi ní nǹkan lórí ẹkùn yẹn."

Mo gbójú sókè. Ìyá Sùrájù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sọ fún un.

Mo ní kó jókòó. Ó jókòó, ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo lè yí i bó bá ṣe wù mí, kò ní mọ̀. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí yóò dé kóòtù, ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀ ní ìlà kejì. Ní ìlà kẹta, kò sí mọ́. Ó ní, "Ta ló sọ fún wọn?"

Ó wà nínú ìlà tó kàn. Mo kà á sókè, pẹ̀lú orúkọ mi, pẹ̀lú ibi iṣẹ́ mi, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́.