Torí Pé Ẹ̀pẹ́ Ni Àǹtí Ń Gbé

Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹjọ, 2007

Mo kórìíra dókítà yẹn! Obìnrin kan láti ẹ́sítéètì àwọn olówó, tó ṣáájú wa wọlé, ní jẹjẹrẹ ọmú bíi ti Àǹtí Rafá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó ní kókó nìkan ni wọ́n máa yọ fún òun, òun á wá máa lọ gba ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ l'Ékòó. Nígbà tó kan Àǹtí, dókítà wo àdírẹ́sì lórí káàdì wọn.

"Ẹ̀pẹ́? Màmá, a máa gé gbogbo ọmú yìí ni. Ta ló máa ti Ẹ̀pẹ́ lọ gba ìtànṣán lójoojúmọ́?"

Mo gbaná jẹ. Mo ní Àǹtí máa wá gbé lọ́dọ̀ wa n'Ítamága, kí wọ́n lè máa ti ibẹ̀ lọ gba ìtànṣán.

"Ọmọ ìlú òyìnbó," dókítà ń fi mí rẹ́rìn-ín, "Yorùbá ti wá dùn lẹ́nu ẹ!"

Mo rò pé Àǹtí máa dúpẹ́. Níta, ńṣe ni wọ́n já ọwọ́ wọn gbà lọ́wọ́ mi.

"Ìwọ àti dókítà, ta nínú yín ló bi mí léèrè?"

Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́.

"Mo fẹ́ ọmú mi. Àmọ́ mi ò ní torí ẹ̀ sùn nílé ìyá ẹ, tó pè mí ní àjẹ́ lójú ọkọ mi."

Màmá mi wà ní pálọ̀ báyìí, wọ́n ń wo tẹlifísọ̀n. Mo ń lọ bá wọn. Wọ́n máa bẹ Àǹtí, wọn ìbáà fẹ́, wọn ìbáà kọ̀.