Abẹ́rẹ́ Kuiníìnì Bọ́lá

Ọjọ́bọ̀, oṣù Keje, 1988

Gìrì mú Bọ́lá láàárọ̀ yìí. Nígbà tí a fi máa gbé e láti Ọ̀fàdà dé ọsibítù ní Mowe, kò mọ èmi ìyá rẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì ní ibà ti wọ̀ ọ́ lára jù, kò lè gbé oògùn mì, àfi abẹ́rẹ́ kuiníìnì nínú dírípù.

Ìyá ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. "Ṣé o ti gbàgbé Kúnlé ni?"

Kúnlé ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, abẹ́rẹ́ ibà tí wọ́n gún un ní ìdí ló ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Mi ò gbàgbé. Nọ́ọ̀sì ní iṣan ọwọ́ ni àwọn máa gbà fún Bọ́lá ní tirẹ̀, kì í ṣe ìdí. Mo ní, "Ẹ fún un."

Nírọ̀lẹ́ ó lajú. "Màámi, ariwo ń dún létí mi." Nọ́ọ̀sì ní oògùn náà ni, pé ó máa lọ. Ṣé ó máa lọ lóòótọ́?

Ìyá ọkọ mi ń fún un ní ẹ̀kọ mu báyìí. Wọn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀.