Salome Kò Lè Kọ̀wé Láìsí Mi

Okitipupa,
21 Oṣù Kẹrin, 1994.

Mildred, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ará Òǹdó? Ṣé ara ọmọ tuntun le? Ṣé ó ti ń jẹ́ kí o fojú kan oorun? Kí Olúwa dá gbogbo yín sí fún mi. Èmi náà kì í sùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ ló ń ké.

O rántí pé ọ̀gá ilé-ìwé wa ní kí n máa jókòó ti àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa tọ́ wọn sọ́nà nínú àròkọ. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. O sì mọ̀ mí, ẹnu mi kì í gbélé. Bí Salome, ọmọ Ìkọ̀yà kan tó ní làákàyè, bá ti kọ ìlà kan, èmi á ti gba bíírò, màá fagi lé e, màá sọ ohun tó yẹ kó kọ. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni yóò wí. Àròkọ rẹ̀ wá ń dùn, mo sì ń gbé e kiri yàrá olùkọ́ bí ẹni ra aṣọ tuntun.

Ìdánwò ìgbáradì dé, n kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà nínú ìwé tó fi sílẹ̀. Mildred, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Bàbá rẹ̀ wá sí ilé-ìwé. Ìyàwó wọn kú lọ́dún tó kọjá. Wọ́n gbé púpurú wá fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Olùkọ́, ẹ ti gbìyànjú. Orí ọmọ yìí ni kò gba ìwé. Tó bá tún kùnà èyí tó ń bọ̀, oko ló ń bá mi lọ." Ó yẹ kí n sọ pé èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ wọn. Ẹnu mi tí kì í gbélé, ọjọ́ náà ló gbélé. N kò lè jẹ púpurú náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ tinú rẹ̀. Ọwọ́ mi ló ń wò, bóyá màá mú bíírò. "Ohun tí ẹ bá ní kí n kọ, mà." Ta ni yóò bá a wí? Àwa náà la kọ́ ọ pé ọmọ kì í bá àgbà jiyàn.

Lánàá, ó ń kọ nípa ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, ó dúró. Àìsàn mi tún dé. Mo ní, "Kọ ọ́ pé o sunkún." Ó gbá ọwọ́ mi mú! "Rárá, mà. N kò sunkún. Inú ló ń bí mi." Inú mi dùn débi pé n kò lè sọ̀rọ̀. Ó rò pé mo bínú ni. Ó kó ìwé rẹ̀, ó sá lọ, kò sì wá sílé-ìwé lónìí.

Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ìwọ tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ tí a tọ́ dáadáa pé ohun tó kà sí ẹ̀ṣẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń gbàdúrà fún? Jọ̀ọ́, tètè fèsì. Omi ti ń tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ wa ba ohun tó yẹ kó tún ṣe jẹ́. Kí ọmọ rẹ dàgbà, kó lè sọ fún ọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ìdààmú bá,
Fúnlọ́lá.

Àfikún: N kò tíì lẹ lẹ́tà yìí tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. Salome ni, pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Bàbá náà ti gbọ́ pé ó di olùkọ́ lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ kó bẹ̀ mí, ọmọ náà sì ń wí pé, "Ẹ dárí jì mí, mà. N kò ní jiyàn mọ́ láé." Mildred, mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó ṣèlérí yẹn." Wọ́n wò mí títí, wọ́n fa ọmọ wọn dìde, wọ́n lọ. N kò mọ̀ bóyá yóò wá lọ́la.