Ìlà Òkú Tí Wọ́n Fà Sílẹ̀ fún Ọmọ Mi Tíṣà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

O kú iṣẹ́ o, o kú làálàá, o kú wàhálà ọmọ ọlọ́mọ. Tí mo bá ní kí n kọ́kọ́ béèrè bóyá ara rẹ le, irọ́ ni mò ń pa, nítorí mo fi ojú ara mi rí ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara náà kò le. Nítorí náà, àdúrà ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀: Ọlọ́run tó ń jí oòrùn láìlo aago yóò máa jí ìwọ náà ní wọ́ọ́rọ́wọ́, ohùn rẹ tó ti há yóò là, ẹsẹ̀ rẹ tó wú yóò padà sí bó ṣe wà. Tí èmi ni o bá ń béèrè, mo wà. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n ta ló rí káfíńtà tí ẹ̀yìn kì í dùn.

Mo dé ilé láyọ̀. Mọ́tò kú lọ́nà, wọ́n ní kí àwa ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀ kí a tì í, a tì í títí, nígbà tó jí tán, díẹ̀ ló kù kó fi wá sílẹ̀. Ewúrẹ́ aládùúgbò bí, àwọn ọmọ rẹ̀ kò yè. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tí ikán jẹ, mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ pè láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń dà òun láàmú gan-an, pé kì í jẹ́ kí òun parí ọ̀rọ̀. Mo ní kó má bá a jà, bóyá ẹni náà ju ú lọ lẹ́nu iṣẹ́, kó máa kí i láràárọ̀. Kò dáhùn, bóyá ẹni náà ti dé.

Ìwọ náà, mo ti pè ọ́ títí. Obìnrin kan ló ń gbé e. Mo ṣàlàyé fún un pé bàbá rẹ ni mí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi pè ọ́ wá, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ, bí ọmọ tó há ẹ̀kọ́ sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú pẹ́ńsù tí mo fi ń sàmì sí pákó, tí mo jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ọmọ mi, kì í ṣe pé mo kàn ní kí n wá ṣeré lọ́dọ̀ rẹ. Ìyá rẹ ló rán mi ní ọ̀rọ̀ kan sí ọ, ó sì ní kí n má sọ ọ́ lórí fóònù, ẹnu ni kí n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé ìwé yín, ọ̀rọ̀ náà padà sí mi lọ́nà ọ̀fun. O ò mọ̀ pé mo ti pẹ́ lójú fèrèsé kí o tó rí mi. Mo rí àwọn ọmọ náà, wọ́n pọ̀ bí eéṣú, àga tí wọ́n kàn fún ẹni méjì, mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tó kan àga yẹn, ìṣó kúkúrú ló fi kàn án, Ọlọ́run yóò bi í. Ìwọ kọjú sí pátákó, ò ń kọ̀wé, wọ́n ń hó lẹ́yìn rẹ bí oyin. O pariwo, ohùn ò jáde, afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀gá yín obìnrin ti pè ọ́ síta, tó ní nígbà tó jẹ́ pé ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìwọ ni wàá máa ṣọ́ géètì láàárọ̀, ìwọ ni wàá máa kọ́ wọn lórin, ìwọ náà ni wàá máa kó àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù jáde. O kúnlẹ̀ díẹ̀, o ní ẹ ṣeun mà. Mo bi ara mi pé, ṣé báyìí là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé ẹrù lé wa lórí tó tún gun orí ẹrù?

Nígbà tí a délé rẹ, ìwé ló sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwé wà lórí àga, ìwé wà nínú abọ́ tó yẹ kó o fi fọ aṣọ. O kó díẹ̀ sílẹ̀ kí n tó ríbi jókòó. O ní o gbọ́dọ̀ ka gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí o sì kọ puláànù. Inú mi dùn, mo rò pé puláànù ilé ni, mo ní ọmọ mi ti fẹ́ kọ́lé. O ní rárá, puláànù ohun tí wàá kọ́ àwọn ọmọ ni, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, pé ọ̀la sì ni dẹ́ẹ̀dì láìnì. Mo bi ọ́ pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbí wà lọ́wọ́ rẹ, ìrẹsì wà nínú síbí, o ti sùn. Oòrùn ò tíì wọ̀ tán o, àwọn ọmọdé ṣì ń sáré kiri lójúde.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀ ni mo bi ẹni tó ń gba owó ọkọ̀ léèrè. Ó ní dẹ́ẹ̀dì ni òkú, láìnì ni ìlà. Ìlà òkú! Ọmọ mi, mo ti kan pósí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, mo mọ bí a ṣe ń fa ìlà òkú sórí pákó, kò sì sí èyí tí mo fà fún ẹni tó ṣì ń jẹ ìrẹsì. Irú ọ̀gá wo ló ń fa irú ìlà yẹn sílẹ̀ de ọmọ ọlọ́mọ, tó tún ní kó dé ibẹ̀ lọ́la?

Ní ti ọ̀rọ̀ fóònù rẹ, jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ gan-an. O sùn, ó ń ké. Ó ké, ó dákẹ́, ó tún ké, iná ń tàn lójú rẹ̀. Mo bojú wò ó, mo rí àwòrán ọ̀gá yín lára rẹ̀, tó wé gèlè. Mo ní áà, àgbàlagbà ló ń kan ilẹ̀kùn látìgbà yìí. Mo fi ìka tẹ ibi tí wọ́n ya nǹkan bí ẹ̀rọ tí pásítọ̀ fi ń wàásù sí, mo di í mú, mo kí i dáadáa, mo ní ọmọ mi ti sùn, kò tilẹ̀ jẹun tán. Mo ní ẹni tí wọ́n bá bí ire kì í kan ilẹ̀kùn ọmọge nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, mo ní tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ dẹ́ẹ̀dì láìnì yẹn ni, kó lọ ṣe tirẹ̀ ná. Èmi ò mọ̀ pé gbogbo tíṣà ilé ìwé yín ló wà nínú yàrá kan náà nínú fóònù, tí wọ́n ń gbọ́ mi. Kò pẹ́, mo rí i tí orí roboto roboto, tó pọ́n bí ọsàn, ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnu wọn là, omi ń dà lójú wọn pòròpòrò. Àánú wọn ṣe mí. Mo ní wò ó, gbogbo wọn ló ń sunkún. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run yóò tù yín nínú.

Nígbà tí o jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí o rí i, o jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, o ní ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín, pé mo ti pa ọ́. O ò pariwo, ìyẹn ló dùn mí jù. O kó ìwé sí báàgì, o jáde láì fọ ẹnu. Mo bá ọ gbálẹ̀, mo kan ẹsẹ̀ tábìlì rẹ tó ń mì, mo tilẹ̀kùn, mo wọkọ̀. Ṣùgbọ́n títí di ìsinsìnyí, ẹ̀rín yẹn ò yé mi. Omi ni mo rí lójú wọn.

Mo délé, mo lọ bá Bàbá Ṣọ́ọ̀kì, tíṣà tó fẹ̀yìn tì tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa, ẹni tó kọ́ ọ ní á, bí, dí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí n mú nǹkan ìkọ̀wé, kí n kọ ọ́ sí ọ.

Ó ní kí o má kó gbogbo ìwé relé mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ń kọ ọ́ lọ́wọ́, kí o máa rìn láàárín wọn, kí o máa tọ́ka sí àṣìṣe wọn níbẹ̀, nítorí ọmọ tí a bá sọ̀rọ̀ sí nígbà tí báírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ́ ju ẹni tí a fi pupa ya ìwé rẹ̀ kiri ní ọjọ́ kejì lọ. Òótọ́ ni, pákó tó ti gbẹ ò ṣeé tẹ̀. Ó ní èyí tó bá ṣẹ́kù, kí o ka ti àwọn tó jókòó níwájú lónìí, ti àwọn ẹ̀yìn lọ́la, ọ̀run ò ní ya. Kí o tó kúrò nílé ìwé, kí o ti kọ iṣẹ́ ọ̀la sójú pátákó, kí o fi báàgì yẹn sílẹ̀ síbẹ̀. Mo ní ṣé olè ò ní gbé e, ó ní òun ò tíì rí olè tó jí ìwé àwọn ọmọ rí, òun ì bá ti fún un ní ẹ̀bùn.

Ti puláànù yẹn, ó ní tíṣà tó wà ní kíláàsì tó kángun sí tìrẹ ti ní ti ọdún tó kọjá, kí o fi ìrẹ̀lẹ̀ tọrọ rẹ̀, kí o tún un ṣe kó bá àwọn ọmọ tìrẹ mu. Èmi náà ní àwòṣe tí mo fi ń gé ẹsẹ̀ àga. Ká ní gbogbo ẹsẹ̀ ni mò ń wọ̀n lákọ̀tun ni, ebi ì bá ti pa ọ́ kí o tó mọ̀ ọ́n rìn. Ó ní kí o yé pariwo. Kí o lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé, ibi tí wọ́n ń kó ìwé sí, àti pé tí o bá na ọwọ́ sókè, kí gbogbo ẹnu pa mọ́. Ó ní yóò dà bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ náà ṣòfò, ṣùgbọ́n òun ni yóò ra ọdún tó kù padà. Ní ti ọ̀gá yín, ó ní kí o má bá a jà, kí o kàn bi í pẹ̀lẹ́ pé èwo nínú géètì, orin àti bọ́ọ̀lù ló fẹ́ kí o ṣe dáadáa. Kí o sì máa jẹun kí o tó jáde.

Mo ní Bàbá, ṣé bí ẹ ṣe ṣe é nìyẹn? Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín gidi. Ó ní òun ò ṣe ọ̀kankan. Ó ní òun ń ka ìwé àwọn ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó òun kó jáde, òun gbọ́ ìró ilẹ̀kùn, òun rò pé ó lọ pọn omi ni. Àwọn ọmọ òun ń pe òun ní sà títí di òní. Ọjọ́ tí òun sì fẹ̀yìn tì, ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga òun kí òun tó kó ẹrù tán.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá tí mo sì gbé padà nìyí. Ojú ìyá rẹ ti ń lọ. Látìgbà òjò ló ti ń fi ahọ́n wá ihò abẹ́rẹ́, tó ń rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn. A lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì gbé ìwé gàgàrà kan kọ́ ara ògiri, álífábẹ́ẹ̀tì ló wà lára rẹ̀, ó ní kí àwọn èèyàn máa kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa rò pé ìdánwò ni. Ìyá rẹ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó tẹ́tí sí gbogbo àwọn tó ṣáájú, ó há a sórí. Ó sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́ pé ìyá tíṣà ò gbọdọ̀ gba òdo. Nígbà tó kàn án, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí èyí tó ṣì. Nọ́ọ̀sì ní ojú rẹ̀ dára ju ti ọmọdé lọ, ó fún un ní oògùn orí fífọ́, ó ní ká máa lọ. Mo ra búrẹ́dì fún un lọ́nà nítorí ayọ̀. Mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìyàwó mi ló ṣe ipò kìíní.

Ìgbà tí a padà lọ, dókítà fúnra rẹ̀ tan iná sí i, ó ní ta ló sọ pé ojú yìí ń ríran. Ó ní tòsì ti kú pátápátá, etí ojú ọ̀tún nìkan ló ṣì ń ríran díẹ̀, èyí tó sì ti lọ ò ní padà mọ́. Ìyá rẹ ò sunkún. Ó ní kí n lọ sọ fún ọ, kí n sì wò ó bóyá ò ń jẹun. Mo wá, mo rí ọ, mo ní ibo ni kí n gbé eléyìí lé lára ọmọ yìí? Nígbà tí mo padà délé, mo sọ fún un pé o ti sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ kún. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí pé aṣọ wo lo wọ̀. Mi ò rántí. Ojú rẹ nìkan ni mò ń wò. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti mọ̀.

Tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn tí wọ́n ń kán sójú, nítorí ó ń tètè tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń mu èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Fi ti ìṣó díẹ̀ kún un. Tí kò bá sì sí, má ṣe bá báǹkì jà. Mo gbọ́ pé wọ́n ń tọ́jú owó tíṣà dáadáa, débi pé tíṣà fúnra rẹ̀ kì í rí i.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o kọ́ ọmọ ọlọ́mọ yè kí tìrẹ kú. Iṣẹ́ kò ní pa ọ́ jẹ. Ọjọ́ tí o bá sùn, wàá sùn sinmi, ìwọ ni wàá jí ara rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.

Mo gbàgbé èyí: tí o bá ń bọ̀, má jẹ́ kó pẹ́, dókítà ò sọ ìgbà tí etí ojú ọ̀tún tó kù náà yóò lọ. Pupa àti dúdú ti parẹ́ mọ́ ọn lójú, funfun ló ṣì ń rí díẹ̀. Wọ aṣọ funfun. Ọ̀sán ni kí o wá. Má wọlé tààrà, dúró lójú oòrùn lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kí o má sì tíì sọ̀rọ̀. Jẹ́ kó kọ́kọ́ rí ọ.